Àkọ́rọ̀ Tó Ń Tan Àgbẹ̀: Ìtàn Bí Òjò Ìlobùú àti Ifọ̀n-Ọ̀ṣun Ṣe Kọjá Ohun Tí A Ń Fi Oṣù Kà

 

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi wá lọ́dọọdún, pàápàá láàrin oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún: "Òjò ti rọ̀, a ti gbin àgbàdo, òjò sì tún lọ. Ṣé ká tún irúgbìn rà ni, àbí ká máa wojú ọ̀run?" Ẹlòmíràn á ní ayé ló bàjẹ́. Ẹlòmíràn á ní àwọn kan ló ń di òjò. Lónìí, ìtàn la fẹ́ fi dáhùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òjò wa ní ìdí, ó sì ti lé ní 160 ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń tú ìdí náà wò. Ìlobùú àti Ifọ̀n-Ọ̀ṣun la ó gbé e kà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ìkìrun, ní Ẹdẹ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà á bá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀.

IBI TÍ A WÀ, ÀTI KÀLẸ́ŃDÀ ÀWỌN BÀBÁ WA

Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ̀n sì ni ti Òrólù. Ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló so wọ́n pọ̀. Odò Erinlẹ̀ ń gba agbègbè náà kọjá kó tó lọ bá Odò Ọ̀ṣun. Ibi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀ yìí wà. Ó dára fún iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá wà ní ààlà báyìí, bí òjò bá yí díẹ̀, kíá ló máa ń hàn níbẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní kàlẹ́ńdà tiwọn, wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú ni wọ́n ti ń kọ ebè. Ọyẹ́ á dé, á sì lọ. Àkọ́rọ̀ á rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, àgbàdo á wọlẹ̀. Òjò á pọ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje. Nígbà tó bá di oṣù kẹjọ, òjò á sinmi díẹ̀, wọ́n á rí àyè ya àgbàdo, wọ́n á rí àyè sá a. Lẹ́yìn náà ni àrọ̀kúrò á dé fún àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀wà, títí tí òjò á fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Kàlẹ́ńdà yẹn kì í ṣe àròsọ. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù, ó tutù, ó sì kún fún ọ̀rinrin. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, ó gbẹ, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Oòrùn ló ń darí ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Ní oṣù kìíní, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í dé etí òkun. Bí oòrùn bá ṣe ń lọ sí àríwá, afẹ́fẹ́ òkun á máa tẹ̀lé e, òjò á sì dé ọ̀dọ̀ wa. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, agbami òjò ti kọjá wa lọ sókè lọ́hùn-ún, omi òkun gúúsù náà ti tutù, ìdí nìyẹn tí òjò fi ń sinmi. Bó bá ń padà sọ́dọ̀ wa ni àrọ̀kúrò ń rọ̀.

Òwò náà dúró lé kàlẹ́ńdà yìí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo lọ́dún 1907, ohun tí oko bá pèsè lásìkò ló ń kún inú rẹ̀. Títí di òní, alájàpá tó ń ra àgbàdo tútù lọ́nà Ìlobùú mọ ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó kó owó jáde. Bí òjò bá da àgbẹ̀, ọlọ́jà náà kò ní sùn.

ÌTÀN OLÚFỌ̀N ÀTI Ọ̀DÁ

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa òrìṣà Ifọ̀n. Wọ́n ní òrìṣà náà gbéra láti lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Lọ́nà, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó sì fẹ́ fà á lọ fún olówó rẹ̀. Àwọn tó ń wá ẹṣin ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n pè é lólè, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ó lo ọdún méje níbẹ̀. Láàrin ọdún méje náà, òjò kọ̀, irúgbìn kò hù, obìnrin kò lóyún. Ìgbà tí Ṣàngó bi Ifá léèrè ló tó gbọ́ pé aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kan wà nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

A kò sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni lè lọ máa wá ẹni tó ń di òjò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ààfin ni wọ́n ti ṣẹ̀, oko sì ni ìyà ti jẹ ènìyàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹ ó rí i pé ìtàn sáyẹ́ǹsì náà fẹ́ jọ ọ́.

BÍ AYÉ ṢE MỌ̀ PÉ ÈÉFÍN Ń MÚ ILẸ̀ GBÓNÁ

Lọ́dún 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, kó oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ sínú ìgò, ó gbé wọn sínú oòrùn. Ìgò tí carbon dioxide wà nínú rẹ̀ ló gbóná jù, òun náà ló sì pẹ́ jù kó tó tutù. Carbon dioxide yìí ni èéfín tí kò ní àwọ̀, tó ń jáde bí a bá sun igi, èédú, epo bẹntiróòlù tàbí dísù. Lọ́dún 1859, John Tyndall ní ìlú London fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé lóòótọ́ ni irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń di ooru mú. Nígbà tó di ọdún 1896, Svante Arrhenius ará Sweden ṣírò rẹ̀ pé bí àwọn ènìyàn bá ń sun èédú lọ báyìí, ilẹ̀ ayé á gbóná sí i. Ẹ wò ó, ọdún 11 ṣáájú kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Òṣogbo nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kó yé yín kíá, ẹ ronú ẹni tó da aṣọ òfì borí sùn. Aṣọ kọ́ ló dá iná. Ara ẹni náà ló ń mú ooru jáde, aṣọ kò kàn jẹ́ kó lọ ni. Oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, ilẹ̀ ń dá ooru náà padà sókè, èéfín yìí sì ń di díẹ̀ mú nínú rẹ̀. Aṣọ náà dára tó bá mọ níwọ̀n, nítorí láìsí i, òtútù ì bá ti pa gbogbo wa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ń fi aṣọ lé aṣọ.

Ká ní a lè ka afẹ́fẹ́ ní ẹyọ ẹyọ títí dé mílíọ̀nù kan. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 280 nínú rẹ̀ ni carbon dioxide. Lọ́dún 1958, nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n lórí òkè kan ní Hawaii, ó ti tó 315. Lónìí ó ti kọjá 420. Ọdún 2024 ni ọdún tó gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀, ó fi nǹkan bí dìgírì kan àti ààbọ̀ gbóná ju ayé àtijọ́ lọ.

Ẹlòmíràn á ní, "Dìgírì kan àti ààbọ̀ péré?" Ẹ jẹ́ ká lọ sí oko wò ó.

ÌKÒKÒ OJÚ Ọ̀RUN TI FẸ̀ SÍ I

Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń gba omi mọ́ra ju èyí tó tutù lọ. Fún dìgírì kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbóná sí i, ó lè gba omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹ pè é ní ìkòkò. Bí ìkòkò ojú ọ̀run bá fẹ̀ sí i, nǹkan méjì ló máa ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, ó ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀ àti ewé kíákíá láti fi kún ara rẹ̀, ìyẹn ni ilẹ̀ fi ń gbẹ wàrà láàrin òjò méjì. Ìkejì, bó bá wá dojú dé, omi tó máa dà lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Òun ló fà á tí ọ̀dá àti àgbàrá fi lè bá wa jà nínú ọdún kan ṣoṣo. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Iye òjò tó rọ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá lè má yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ayé àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n bí èyí tó yẹ kó rọ̀ nígbà mẹ́rin bá dà wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ọjọ́ méjìlá sì tẹ̀lé e láìrí ẹ̀kán omi, ẹ mọ ohun tí ojú àgbàdo máa rí.

Ọ̀DÁ TÓ KỌ́KỌ́ KÌLỌ̀

Láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí dé àárín àwọn ọdún 1980, òjò dín gan-an ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, pàápàá lókè lọ́hùn-ún lẹ́bàá aṣálẹ̀. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973 pa ẹran ọ̀sìn lọ bẹẹrẹ. Ọdún 1983 tún burú: ọyẹ́ le, iná sì jó oko kòkó ní Ghana. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé, tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana fi kó ẹrù sínú báàgì, tí wọ́n sì lọ bá ebi àti iná nílé. Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ń kó ọjà sínú Ghana-Must-Go títí di òní, ọdún ọ̀dá ni orúkọ báàgì náà ti wá.

Ta ló jẹ̀bi ọ̀dá yẹn? Lọ́dún 1975, Jule Charney ní Amẹ́ríkà dábàá pé bí ẹran bá jẹ koríko tán tí ilẹ̀ sì wà ní ìhòòhò, òjò á dín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá di ẹ̀bi ru àwọn darandaran àti àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde lọ́dún 2003 fi hàn pé bí omi òkun ṣe gbóná tàbí tutù ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mìíràn tún fi kún un pé èéfín ilé iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, èyí tó ń ṣíji bo Òkun Àtìláńtíìkì lápá àríwá, wà lára ohun tó mú òkun náà tutù, tó sì fa agbami òjò sẹ́yìn kúrò lókè. Lóòótọ́, ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò dá kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè lólè kọ́ ló gbé ẹṣin.

ÀGBÀRÁ NÍNÚ OṢÙ ÌSINMI

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, ọ̀gbàrá tún gbé Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lé ní 100 tún lọ. Oṣù kẹjọ ni méjèèjì, oṣù tí kàlẹ́ńdà ní kí òjò sinmi. A kò sọ pé ayé tó ń gbóná nìkan ló fa ti Ògùnpa. Ìdọ̀tí tó dí odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi wà níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìsinmi oṣù kẹjọ kì í ṣe ẹ̀jẹ́ tí òjò jẹ́ fún wa.

Lọ́dún 2012, omíyalé pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó lé mílíọ̀nù méjì kúrò nílé. Ti ọdún 2022 pa ju 600 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí wọ́n ń pè ní World Weather Attribution ṣírò rẹ̀ pé irú òjò àsìkò yẹn lágbègbè Odò Ọya àti Adágún Chad ti fi nǹkan bí ìlọ́po 80 rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ju bó ṣe máa rí lọ ká ní ayé kò tíì gbóná. Àwọn náà ló yẹ ooru gbígbóná janjan ti oṣù kejì ọdún 2024 wò, èyí tó mú gbogbo ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní ayé tó gbóná ti sọ irú ooru bẹ́ẹ̀ di ohun tó fi ìlọ́po 10 rọrùn láti ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ń ta kòkó kò ní gbàgbé ọdún náà. Òjò àpọ̀jù àti àrùn ti kọ́kọ́ ba kòkó jẹ́ ní Ghana àti Côte d'Ivoire, ẹ̀ẹ̀rùn gbígbẹ sì tẹ̀lé e. Nínú oṣù kẹta ọdún 2024, iye owó kòkó lórí ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó ní kòkó lọ́wọ́ yọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kòkó rẹ̀ rà lórí igi kò rí nǹkan tà.

Ta ló ń sun epo àti èédú yìí jù? Gbogbo Áfíríkà pa pọ̀, èéfín tiwa kò tó ìdá 4 nínú 100 ti gbogbo ayé. Ààfin jìnnà sí oko. Nígbà ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Egypt lọ́dún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè gbà láti dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí ojú ọjọ́ ti ṣe ní jàǹbá. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa mọ̀ pé owó bẹ́ẹ̀ wà, kí wọ́n sì máa bi ìjọba léèrè ibi tó dé. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irúgbìn pamọ́ dè é.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍ ÌLOBÙÚ ÀTI IFỌ̀N?

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé àwọn bàbá wa kò purọ́. Kàlẹ́ńdà wọn bá ojú ọjọ́ ayé wọn mu. Ojú ọjọ́ ló ti yí. Ẹ jẹ́ ká yé fi oṣù gbin nǹkan, ká máa fi ilẹ̀ gbìn ín.

1. Ẹ má fi òjò kan ṣoṣo gbin gbogbo oko. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ọ̀rinrin kò bá tíì wọlẹ̀ tó gígùn ọwọ́ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ẹ dúró de òmíràn.

2. Ẹ pín oko sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sáàrin gbíngbìn. Bí ọ̀dá bá mú ọ̀kan, kò ní mú gbogbo rẹ̀.

3. Ẹ bèèrè irúgbìn àgbàdo tó ń tètè gbó, tí kì í ju 80 sí 95 ọjọ́ lọ, tó sì lè fara da ọ̀dá. IITA ní Ìbàdàn àti IAR&T ní Moor Plantation ti ṣiṣẹ́ lórí irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

4. Ẹ fi koríko bo ebè iṣu. Ẹ má sun pàǹtí oko. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò ni oòrùn ń fa omi rẹ̀ mu, òun náà ni àgbàrá ń wọ́ lọ.

5. Ẹ kọ poro dábùú ilẹ̀ tó dagun, ẹ má kọ ọ́ gba ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ fi igi etí Odò Erinlẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń dáko àkùrọ̀ níbẹ̀, ẹ má kó gbogbo owó ọdún sí etí omi.

6. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ fetí sí àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí àjọ NiMet máa ń gbé jáde. Ó máa ń sọ ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó lè dáwọ́ dúró. Kì í ṣe Ifá, ó lè yẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju ká máa méfò lọ.

7. Ẹ̀yin ọlọ́jà, bí àgbàdo oṣù kẹjọ bá rin, ẹ má dì í sínú àpò. Ẹ wá ibi tí ẹ ti lè sá a lábẹ́ òrùlé, nítorí pé òjò lè ká yín mọ́ títì.

8. Ẹ gbé agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà sí gbangba. Láràárọ̀ tí òjò bá rọ̀, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ ó ní kàlẹ́ńdà tuntun tí ẹnikẹ́ni kò lè tà fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ẹ má bínú pé a mú un wá. Gbogbo wa la rí bí ìjà ilẹ̀ ṣe dá wàhálà sílẹ̀ láàrin Ìlobùú, Ifọ̀n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, tí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé. A kò dá sí ẹjọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí àyè gbíngbìn lè máà ju ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí òjò tó tún ṣẹ́jú, àgbẹ̀ tí kò lè dé oko lọ́sẹ̀ náà ti pàdánù ọdún kan. Ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi, ọjà kan náà ni wọ́n jọ máa lọ ra gààrí ọ̀wọ́n. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bí àgbẹ̀ Ìlobùú àti ti Ifọ̀n bá lè máa fi iye òjò inú agolo wọn han ara wọn, oko méjèèjì ló máa jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì sọ iye ọjọ́ tó fi dá kí òmíràn tó rọ̀. A ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó sì gbé e síbí kí gbogbo wa lè rí i.

Irúgbìn wa kò ní jóná, omi kò ní gbé e lọ o.